Ògbufọ̀ Ni, Kì í Ṣe Awakọ̀: Èrò Kan lórí Ọ̀rọ̀ fún Àbùkù Ẹ̀rọ

Iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ wa ti ṣe lórí èdè-ìperí kò kéré rárá. Ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 wúlò fún ìkọ́ni èdè àti lítíréṣọ̀ títí di òní olónìí. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ iṣẹ́ wa lórí kọ̀ǹpútà wò fínnífínní, a ó rí i pé orúkọ ohun èlò ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. A ti sọ ẹ̀rọ lórúkọ. A kò tíì ní ọ̀rọ̀ tí ó tó láti fi sọ ohun tí ó ń ṣe ẹ̀rọ náà nígbà tí kò bá ṣiṣẹ́ mọ́. Èrò tèmi ni pé àbùkù ẹ̀rọ gan-an ni ó yẹ kí ó máa tọ́ wa sọ́nà nígbà tí a bá ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀.

Àpẹẹrẹ kan wà nílẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni àtìlẹ́yìn tí Microsoft ń ṣe fún Windows 10 parí, yàtọ̀ sí ti àwọn tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ààbò. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe gbé ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà wọn ga sí Windows 11. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo olùkọ́ kan ní Ìta-Ògbólú tí ń ti ibẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá ní London ní èdè baba wọn. Lẹ́yìn ìgbéga yìí, íápíìsì aláìníwáyà rẹ̀ lè yadi, tàbí kí ohùn inú rẹ̀ dà bí ohùn ẹni tí ń sọ̀rọ̀ láti inú ìkòkò. Bí ó bá tẹ ẹni tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Àkúrẹ́ láago, èdè wo ni àwọn méjèèjì yóò fi yé ara wọn?

Ọ̀kan nínú ohun tí ó sábà máa ń fa ìṣòro yìí ni ètò kékeré tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní driver. Ẹni tí ó bá tú u ní ẹyọ ọ̀rọ̀ sí ẹyọ ọ̀rọ̀ yóò pè é ní awakọ̀. Ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ètò yìí kò wa ohunkóhun; ó ń gba àṣẹ lọ́wọ́ ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà, ó sì ń sọ ọ́ fún íápíìsì ní èdè tí ó gbọ́. Iṣẹ́ ògbufọ̀ nìyẹn. Bí a bá pè é ní ògbufọ̀, àbùkù náà àti àtúnṣe rẹ̀ yóò yé ọmọdé: ọba tuntun ti jẹ, ògbufọ̀ àtijọ́ kò gbọ́ èdè rẹ̀, a ní láti gba ògbufọ̀ tuntun lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ náà.

Bluetooth ńkọ́? Orúkọ ọba ni. Harald tí ó jọba ní Denmark ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ni wọ́n fi sọ ọ́, nítorí náà kò sí ìdí láti túmọ̀ rẹ̀. Ohun tí ó ṣòro ni iṣẹ́ rẹ̀. Kí ẹ̀rọ méjì tó lè bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọn yóò kọ́kọ́ jọ ní àṣírí kan tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò fi pamọ́, tí wọn yóò sì máa fi dá ara wọn mọ̀. Èyí yàtọ̀ sí ìsopọ̀ ojoojúmọ́. Bí a bá pe méjèèjì ní ìsopọ̀, tí a sì ní kí olùkọ́ náà tú ìsopọ̀ ká, pípa ni yóò pa íápíìsì rẹ̀, tí yóò sì tún un tàn. Àṣírí tí ó ti bàjẹ́ yóò ṣì wà níbẹ̀. Mo dábàá ìmùlẹ̀ fún ti àkọ́kọ́: tú ìmùlẹ̀ náà, kí o sì jẹ́ kí wọ́n tún un mu. Àwọn kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí jọ mọ́ awo jù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àlùfáà, tí àwọn Mùsùlùmí ti ń lò tẹ́lẹ̀, ni àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì mú lò, kò sì da ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni rú.

Èyí tí ó kan àwa olùkọ́ èdè jù ni ẹ̀kẹta. Ọ̀pọ̀ íápíìsì Bluetooth ni ó ní ipò méjì. Ní ipò orin, ohùn ń wọlé sí etí nìkan, ó sì mọ́ gaara. Ní ipò ìpè, ohùn ń lọ, ó ń bọ̀, dídára rẹ̀ sì ń dínkù. Nínú irú ipò ìpè tí ó pẹ́ jù, ìgbà 8,000 ni a ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìró tí ó bá sì ga ju 4,000 hertz lọ kò lè kọjá. Òkè ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ agbára ìró s wà. Nítorí náà, sán àti ṣán, sẹ́ àti ṣẹ́, lè fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan náà létí akẹ́kọ̀ọ́. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: kí olùkọ́ máa fi makirofóònù kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, kí íápíìsì sì wà ní ipò orin. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ní orúkọ fún ipò méjèèjì kò lè sọ èyí fún ẹlòmíràn.

Ìdí nìyí tí mo fi rò pé, kí ọ̀rọ̀ kan tó wọ ìwé èdè-ìperí wa, ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi í sínú ìlànà àtúnṣe, kí a sì kà á fún ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́. Kí a lọ bá àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, kí a gbọ́ ohun tí wọ́n ń pe nǹkan, kí àwa náà sì gbé tiwa kalẹ̀ níwájú wọn. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, Yorùbá ni a ó máa fi kọ́ni, Gẹ̀ẹ́sì ni a ó sì máa fi wá ìrànlọ́wọ́ nígbàkígbà tí ẹ̀rọ tí a fi ń kọ́ni bá bàjẹ́.