Lọ́yà Kì í Ta Físà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní àyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n dá sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó kàwé sáyẹ́ǹsì, kọ̀ǹpútà àti iṣẹ́ ẹ̀rọ, tí wọ́n ń wá lọ́yà tí yóò bá wọn ṣe ìwé Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ náà kan ẹ̀yin òbí pẹ̀lú, nítorí ilẹ̀ bàbá ni àwọn mìíràn ń tà sí i.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí a bá ti sanwó fún lọ́yà, físà ti dé nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ o! Ìjọba Amẹ́ríkà ló ni físà rẹ̀. Iṣẹ́ lọ́yà ni kí ó mú òfin, kí ó mú ohun tí ẹ ti ṣe, kí ó sì fi hàn pé èkíní bá èkejì mu. Bí kò bá sí ẹ̀rí, kí ni yóò tò?

Ẹ wo H-1B tí òfin 1990 dá sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ló ń béèrè rẹ̀ fún òṣìṣẹ́. Àyè 65,000 ló wà lọ́dún, àti 20,000 fún àwọn tó gba dìgírì kejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní yunifásítì ọ̀hún. Àwọn tó ń béèrè pọ̀ jù ú lọ, ìyẹn ni wọ́n fi ń ṣẹ́ kèké. Ní September 2025, Ààrẹ Trump tún pàṣẹ pé kí ilé iṣẹ́ san 100,000 dọ́là lórí ìbéèrè tuntun fún ẹni tó wà lẹ́yìn odi. Ilé iṣẹ́ mélòó ni yóò san irú owó yẹn lórí ọmọ Yábàá tí wọn kò rí rí?

Ọ̀nà mìíràn wà tí ènìyàn lè gbà béèrè ìwé ìgbélùú fúnra rẹ̀ láìní ọ̀gá. Ẹjọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ òfuurufú kan, Dhanasar, tí wọ́n dá ní 2016, ni wọ́n fi ń wọn ọ̀kan nínú wọn. Ǹjẹ́ iṣẹ́ yìí ní láárí fún gbogbo Amẹ́ríkà? Ǹjẹ́ ẹni yìí lè ṣe é? Ǹjẹ́ àǹfààní ìlú ni bí wọn kò bá bi í léèrè ọ̀gá? Òṣìṣẹ́ tí yóò ka ìwé náà lè má mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ yín. Níbẹ̀ ni lọ́yà tó mọṣẹ́ ti wúlò: yóò sọ ọ́ ní èdè tó yé e.

Ṣùgbọ́n àwọn kan ń ra ẹ̀bùn ìyìn, wọ́n ń fi orúkọ ara wọn sí ìwé ìmọ̀ tí wọn kò kọ. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹni tó bá purọ́ gba físà, òfin lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn títí ayé.

Ẹ má gbàgbé pẹ̀lú pé ní December 2025, Amẹ́ríkà kéde ìdíwọ́ lórí físà ọmọ Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2026. Nítorí náà, ìwé lè yege lọ́wọ́ lọ́yà, kí físà má jáde. Lọ́yà olóòótọ́ yóò sọ èyí kí ó tó gbowó. Ẹni tó bá ní "ó dájú", ẹ sá fún un!

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Ẹ béèrè ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tó fún un níwèé àṣẹ, kí ẹ sì wádìí rẹ̀ níbẹ̀. Àjẹ́ǹtì kì í ṣe lọ́yà. Ẹ gba àdéhùn owó ní kíkọ. Ẹ bi í pé, "Níbo ni ọ̀rọ̀ mi ti kù díẹ̀ káàtó?" Ẹ ka ohun gbogbo kí ẹ tó fọwọ́ sí i, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ìdáhùn wọ̀nyí wà lọ́wọ́ kí ilẹ̀ tó lọ. Ilẹ̀ tí a bá tà kì í padà bọ̀.

Ire o.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.