Oòrùn Ọ̀sán, Iná Alẹ́
Níbi ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́ ní Glasgow lọ́dún 2021, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣèlérí pé tó bá fi máa di ọdún 2060, Nàìjíríà kò ní dá kún èéfín tó ń mú ayé gbóná mọ́. Àmọ́ lọ́dún 2024, ẹ̀ẹ̀melòó ni iná ìjọba dákú káàkiri orílẹ̀-èdè, tí jẹnẹrétọ̀ gbòde? Sólà ti ń pọ̀ lórí òrùlé. Bátìrì ni wàhálà. Ọ̀sán loòrùn ń ràn, alẹ́ la ń tanná. Bátìrì líthíọ́mù ń pẹ́ ju olómi lọ dáadáa, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kọjá agbára tíṣà àti aránṣọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa san án díẹ̀díẹ̀, ẹ̀yin ìjọba. Ilé ìwòsàn ìgbèríko ni kó sì kọ́kọ́ kàn: abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé kò gbọdọ̀ gbóná mọ́jú.