Lápàdé Dá Ìjà Sílẹ̀ n'Ílọrà

Ìwé Àgbàlagbà Akàn fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé kan ká ní Ìlọrà wa níbí. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, ọmọ Ọ̀yọ́ tòsí wa, ló kọ ọ́ ní 1971, lẹ́yìn Àjà Ló Lẹrù ti 1969. Lápàdé, ẹni tó ti ṣe ọlọ́pàá rí, ló ń lépa ọ̀daràn nínú méjèèjì.

Baba gba ìwé lọ́wọ́ ọmọbìnrin rẹ̀, ó ní olè jíjà ló ń kọ́. Ọmọ ní ti àkọ́kọ́ tilẹ̀ dẹ́rù bani jù ú lọ. Ìyá ní irọ́ ni, èkejì ló dùn, òun kò sì tíì kà á tán! Ni wọ́n bá kó ẹjọ́ wá bá mi lẹ́yìn ìrun Ìṣà.

Èmi náà ti kà á. (Ẹ má sọ fún Lèmọ́mù.) Ti ìyá ni mo gbè: òwe inú rẹ̀ nìkan tó ọmọ kọ́ Yorùbá. Mo bi baba pé ojú ewé wo ló bí i nínú. Ó ní òun kò kà á rárá. Mo ní kó dá a padà, kí ọmọ sì máa kà á sí i létí.

Lánàá, mo gbọ́ pé baba ló ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣí ojú ewé kan sí i.