Àfòpiná Tí Ọmọ Rẹ̀ Ń Yúnni Bíi Wèrèpè

Ta ni kò mọ àfòpiná? Kòkòrò tó ń fò yí fìtílà ká lálẹ́ ni, ẹnikẹ́ni kì í sá fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ń bẹ nílẹ̀ Yúróòpù tó ń ba àwọn òyìnbó lẹ́rù. Kì í sì í ṣe òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń sá fún o, ọmọ rẹ̀ ni!

Apá gúúsù Yúróòpù ló ti ṣẹ̀ wá. Lọ́dún 2005, wọ́n kó igi óòkù kéékèèké wọ London, wọn ò mọ̀ pé ẹyin rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ṣé ẹ̀ ń gbọ́? Ọjà ni wọ́n rà, wọ́n ra wàhálà mọ́ ọn. Títí di òní, wọn ò rí i lé lọ.

Àgbà rẹ̀ kò tóbi, àwọ̀ rẹ̀ dà bí èèpo igi. Láàárín oṣù keje sí ìkẹsàn-án ló ń fò, ọjọ́ díẹ̀ péré ló sì ń lò láyé. Abo á yé ẹyin bíi 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sára ẹ̀ka óòkù, á sì kú. Ẹyin á fara da òtútù títí di oṣù kẹrin kó tó pa. Bí àwọn ọmọ bá ń lọ jẹ ewé, ńṣe ni wọ́n ń tò tẹ̀ léra bí ọmọ iléèwé. Ìdí nìyí tí òyìnbó fi ń pè é ní oak processionary. Wọ́n á fi òwú funfun hun ilé sára igi, ibẹ̀ ni wọ́n á ti para dà di àfòpiná.

Irun ara wọn ni ìjàngbọ̀n. Èyí tó dàgbà lè ní tó 62,000 irun tíńtìntín tí ojú ò rí, atẹ́gùn á sì máa gbé e kiri. Bó bá kanni lára, yíyún ni ṣáá! Ojú á máa ta, ọ̀fun á máa dunni, ẹlòmíràn ò ní lè mí dáadáa. Ilé wọn tó ti gbẹ pàápàá ṣì ń yúnni.

Ẹ̀yin tí ẹ lọ́mọ ní London, ẹ ta wọ́n lólobó. Kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, kí wọ́n má fi igi já ilé rẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ni kí wọ́n pè. Bó bá ti kan ara, kí wọ́n fi omi ṣàn án, kí wọ́n má họ ọ́. Bí mímí bá nira, ó di ilé ìwòsàn kíá.

Àwọn àgbà ní àfòpiná tó lóun ó pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa. Ti òyìnbó yìí kò bá fìtílà jà ní tirẹ̀. Ọmọ ló fi sílẹ̀ de ẹni tó ń kọjá lọ.