Gíga Mọ́tò Kọ́ Ni Agbára Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó yẹ kí a bá ara wa sọ lójúkojú, ẹ̀yin èèyàn wa tó ń fi píkọ́ọ̀pù jẹun láàrin Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù. Àṣà gbígbé mọ́tò sókè gogoro yìí ti fẹ́ di àrùn. Ẹnìkan á ra Hilux àlòkù, kò tíì mọ̀ bóyá bíréèkì rẹ̀ ń mú, ó ti wà á dé ọ̀dọ̀ oníwẹ́dà pé kí ó bá òun fi irin dí abẹ́ súpíríngì, kí mọ́tò lè dúró bí ọkùnrin! Èmi ní kò dára. Ẹni tí inú bá fẹ́ bí, kí ó bí i.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Wọ́n á ní ọ̀nà oko wa kò dán mọ́rán, pé nígbà òjò, ẹrẹ̀ ẹ̀bá odò Ọ̀tìn kò mojú ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni, ta ló jiyàn? Ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ mọ́tò yín. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ gbá ebè àárín ọ̀nà ni irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, èyí tí ikùn rẹ̀ yọ láàrin. Ẹ̀ báà gbé bọ́dì sókè ní ẹsẹ̀ bàtà 2, irin yẹn kò ní kúrò níbi tó wà. Táyà nìkan ló lè gbé e sókè. Bí táyà bá sì fi ínǹṣì 2 ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ínǹṣì 1 péré ni irin náà yóò fi gòkè. Owó tí ẹ kó fún oníwẹ́dà, fáàrí lásán ni ẹ fi rà.

Ewu ibẹ̀ ńkọ́? Mọ́tò wa kì í ṣe ti ìgbafẹ́. Kókó ni, epo pupa ni, iṣu ni, àwọn ìyá wa a sì tún máa jókòó sórí ẹrù (kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ bẹ́ẹ̀ ló ń rí). Mọ́tò tó ga, tí ẹrù tún ga lórí rẹ̀, bó bá fi eré wọ kọ́nà, ẹ̀gbẹ́ ni yóò fi lélẹ̀. Gíga kò sì fi kún ẹrù tí mọ́tò lè rù. Bí ìwé rẹ̀ bá ní tọ́ọ̀nù kan, tọ́ọ̀nù kan náà ni.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni má gbé mọ́tò sókè o. Ínǹṣì 1 sí 2 tó. Ẹ kọ́kọ́ wo súpíríngì tó wà níbẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ mọ́tò tí à ń pè ní kúkúrú, súpíríngì rẹ̀ ló ti rọ̀. Ẹ fi tuntun sí i, ẹ ó rí i pé ó dìde. Bí ẹ bá gbé e, kí ṣọ́ọ̀kì bá gíga náà mu, kí okùn bíréèkì má fà le, kí wọ́n sì tún iná iwájú rẹ̀ wálẹ̀, kí ó má baà fọ́ ojú ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà Òṣogbo.

Orí táyà gan-an ni owó yẹ kó lọ. Táyà 265/65R17 tí ọ̀pọ̀ Hilux ń lò ga tó ínǹṣì 30 àti ààbọ̀. Ẹni tó bá fi ti ínǹṣì 33 rọ́pò rẹ̀, nígbà tí aago bá ń sọ pé 100 ló ń sá, ó ti ń sá 108. Ẹ́ńjìnnì á máa jẹ epo, bíréèkì á sì máa pẹ́ kó tó mú un dúró. Kí ẹ mú iye tí ilé iṣẹ́ kọ, tàbí èyí tó fi díẹ̀ jù ú lọ, tí ojú rẹ̀ gbẹ́ dáadáa fún ẹrẹ̀, tó sì lè ru ẹrù.

Láti ìgbà tí Michelin ti ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt ní 2007, tí Dunlop ti Ìkẹjà náà sì ṣíwọ́ táyà ṣíṣe lẹ́yìn rẹ̀, táyà òkèèrè ló gba ìgboro. Kọ́sítọ́ọ̀mù ní kí á má kó táyà àlòkù wọlé, síbẹ̀ tókunbọ̀ náà la tún ń dọ̀bálẹ̀ rà! Nọ́ńbà 4 kan wà lára táyà, níparí ibi tí wọ́n kọ DOT sí. Bí ó bá jẹ́ 2312, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2012 ni wọ́n ṣe é. Ẹ ní kí fọkanáísà yí táyà náà sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ ka nọ́ńbà ọ̀hún fúnra yín kí ọwọ́ tó kan àpò.