Ẹ Yé Fi Iná Ránṣẹ́ Sílé

Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, mo ní ọ̀rọ̀ kan bá yín sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ yé di ẹ̀rọ amúlétutù àlòkù sínú kọ̀ǹtéńà ránṣẹ́ sí àwọn òbí yín. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń ṣe yín. Ìfẹ́ yẹn náà ló ṣe mí, díẹ̀ ló sì kù kó jó ìyá mi mọ́lé.

Houston ni mò ń gbé. Aládùúgbò mi kan ń kó kúrò nílé, ó ní kí n mú ogójì dọ́là wá kí n gbé AC ojú fèrèsé rẹ̀ lọ. Mo kì í bọ iná, afẹ́fẹ́ tútù tú jáde. Mo ní, "Màmá ti bọ́ lọ́wọ́ ooru nìyẹn." Kò pẹ́, ẹrù gúnlẹ̀ sí Ìbàdàn.

Ohun tí mi ò wò ni àkọlé kékeré ara rẹ̀: 120 volt, 60 hertz. Iná Nàìjíríà, 230 volt ni, 50 hertz. Oníṣẹ́ iná àdúgbò mọ̀ pé volt yẹn ò bára mu, ó ní kí wọ́n ra stepdown. Stepdown ń dín volt kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í fọwọ́ kan hertz. Mọ́tò tí wọ́n ṣe fún 60, tó wá ń jẹ 50, eré rẹ̀ á fi ìdá kan nínú mẹ́fà dín kù, inú rẹ̀ á máa gbóná, á sì máa fa iná ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹgbẹ̀rún kan wáàtì ni stepdown tí wọ́n rà. Ẹ sì rántí pé nígbà tí kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ bá fẹ́ gbéra, ìlọ́po iná tó ń lò tẹ́lẹ̀ ló máa ń fà. Plọ́ọ̀gì ńlá oníbọ́tìnì méjì tó bá a wá láti Amẹ́ríkà, èyí tó ń gé iná tí wáyà rẹ̀ bá bó tí iná ń jò, wọ́n gé e sọnù torí pé kò wọ ihò tí wọ́n ní. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri ti dẹ̀ tipẹ́. Ibi tó yẹ kí fíúsì wà, ẹnì kan ti fi èérún wáyà dí i. Kò sí ohun kan mọ́ láàárín iná àti ìyá mi.

Lóru ọjọ́ kẹsàn-án, àbúrò mi gbóòórùn. Stepdown ti ń rú èéfín lórí kápẹ́ẹ̀tì, iná ti mú etí kọ́tìnì. Ó sáré pa iná nídìí mítà, ó da yanrìn sí i. Màmá ṣì ń sùn.

Nígbà tí wọ́n pè mí láàárọ̀, Màmá ní, "Ọkọ mi, má jẹ́ kó dùn ẹ́. Iṣẹ́ ayé ni." Mo sì dákẹ́. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi jẹ́ kí ayé bá mi ru ẹ̀bi mi.

Àwọn kan á ní, "Ṣebí tòkunbọ̀ ni gbogbo Nàìjíríà ń lò?" Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n 230 volt, 50 hertz kan náà ni Lọ́ńdọ́ọ̀nù àti Ìbàdàn ń lò. Tiwa ní Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn á ní oníṣẹ́ iná ló jẹ̀bi. Ó jẹ̀bi tirẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló gbé ohun tí kò bá ilé mu lé e lọ́wọ́? Ẹ ní tuntun ti wọ́n jù. Ẹ ro owó kọ̀ǹtéńà, owó stepdown àti owó iṣẹ́ pọ̀ ná, kí ẹ tó sọ ìyẹn.

Orúkọ ọmọ ni Tòkunbọ̀. Ọmọ tí a bí sí òkè òkun, tí a ń yọ̀ pé ó padà wálé, là ń sọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe orúkọ ohun tí aládùúgbò òyìnbó fẹ́ dànù.

Nígbà tó yá, mo sọ òótọ́ fún Màmá. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ò bá bi mí. Fáànù ni mo fẹ́."

Torí náà, ẹ bi wọ́n. Tó bá jẹ́ AC ni wọ́n fẹ́, ẹ fowó ránṣẹ́ kí wọ́n ra èyí tí wọ́n ṣe fún iná ibẹ̀. Kí ẹ tó san owó ẹ̀rọ, ẹ san owó wáyà: wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀, bírékà tirẹ̀, àti wáyà tó wọnú ilẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi tiyín ránṣẹ́, ẹ pe ilé lálẹ́ òní. Ẹ ní kí wọ́n pa iná, kí wọ́n yọ ọ́. Tí plọ́ọ̀gì bá ti pọ́n tàbí tó ti yọ́, kí wọ́n má kì í bọ̀ ọ́ mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì tú inú rẹ̀ wò bí kò ṣe ẹni tó mọ̀ ọ́n: kapasítọ̀ inú rẹ̀ ṣì lè gbé èèyàn lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lára iná.