Anna Seghers àti Ìwé Àṣẹ Ìrìnnà

Obìnrin ará Jámánì kan ni a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa mọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Netty Reiling ni orúkọ àbísọ rẹ̀; Anna Seghers ni ó fi ń kọ̀wé. Ìlú Mainz, létí odò Rhine, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1900, nínú ìdílé Júù.

Nígbà tí Hitler gorí àlééfà lọ́dún 1933, ó sá lọ sí Paris. Lọ́dún 1940 ogun tún lé e kúrò níbẹ̀. Wọ́n ti ọkọ rẹ̀ mọ́ àgọ́ Le Vernet. Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì sì forí lé Marseille, láti wá ọkọ̀ ojú omi. Ìrírí yìí ni ó bí ìwé ìtàn rẹ̀, Transit, tí ẹ lè rí kà ní èdè Faransé. Ẹni tí ó bá ti dúró rí lẹ́nu ibodè, tí a ń bi í ní ìwé kan tẹ̀lé òmíràn, yóò tètè lóye rẹ̀. Wọn kì í gba àlejò láàyè láti dúró ní Marseille àfi bí ó bá fi ẹ̀rí hàn pé òun ń lọ. Ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ àtiwọ ilẹ̀ tí ó ń lọ, àṣẹ àtigba ilẹ̀ mìíràn kọjá, àti àṣẹ àtijáde ní Faransé. Kí ó tó rí ẹ̀kẹta gbà, ọjọ́ tí wọ́n dá fún èkíní ti pé.

Seghers àti ẹbí rẹ̀ rí ọkọ̀ wọ̀ lọ́dún 1941, wọ́n sì dé Mẹ́síkò. La Septième Croix, ìtàn ẹlẹ́wọ̀n tí ó sá kúrò ní àgọ́ ìfìyàjẹni, sọ ọ́ di olókìkí. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ṣì wà ní Mainz. Ó sa ipá rẹ̀ láti yọ ọ́, pàbó ni ó já sí. Lọ́dún 1942 wọ́n kó ìyá náà lọ sí Piaski ní Póláǹdì, kò sì padà wá mọ́. Seghers wá kọ ìtàn kúkúrú kan nípa ìgbafẹ́ àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé rẹ̀ lórí odò Rhine. Ní ìparí, ìyá ń dúró dè é lókè ilé. Ó ń gun àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e débẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan péré ni ẹ óò kà nínú iṣẹ́ rẹ̀, èyí ni kí ẹ kà.

Ó padà sí Berlin lọ́dún 1947. Ó kọ̀wé nípa ìjà òmìnira àwọn ẹrú ní Haiti, ìjà Toussaint Louverture tí ìtàn àtẹnudẹ́nu so mọ́ ààfin Allada ti ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n a kò ní yìn ín kí a fi èyí pa mọ́. Lọ́dún 1957 wọ́n gbé Walter Janka lọ sí kóòtù ní Ìlà-Oòrùn Jámánì. Janka yìí ni ó ṣe alákòóso ilé ìtẹ̀wé tí ó tẹ La Septième Croix jáde ní Mẹ́síkò. Seghers jókòó síbẹ̀, kò sọ ohunkóhun. Lójú tiwa, ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ni wọ́n dá fún Janka. Seghers sì wà ní ipò ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé títí di 1978.